Lítà Kan Tí Muhyideen Bù fún Mùrí

Fún ọdún méjìdínlógún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Muhyideen fi ń mọ ọ̀nà ní Manchester. Tí ẹlòmíràn bá ní kí o yà níwájú báńkì, òun á ní kí o yà níbi tí tọ́lẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tì dáadáa. Ọmọ Pákátà ní Ìlọrin ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó ń wa forklift ní Trafford Park, òun àti Mubarakah ọmọ rẹ̀ sì jọ ń gbé ní Harpurhey. Àìsàn tí ó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ulcerative colitis: inú ìfun ńlá á wú, á dá egbò, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bá ìgbẹ́ jáde.

Nígbà tó yá, oògùn kápá rẹ̀. Ọdún márùn-ún kọjá láìsí ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé inú kò run ún mọ́, Muhyideen gbà pé àìsàn ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọsibítù kọ lẹ́tà pé kó wá kí àwọn fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tí àìsàn yìí bá ti bá gbé fún ọdún púpọ̀, ara ìfun rẹ̀ lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ, láìsí ìrora kankan. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gé e dànù. Tí wọn ò bá rí i, jẹjẹrẹ kì í kọ lẹ́tà ní tirẹ̀.

Muhyideen gbé ìkòkò gbígbóná lé lẹ́tà àkọ́kọ́, kí tábìlì má baà jó. Ó ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Mubarakah fà yọ lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ó kà á pẹ̀lú epo lára rẹ̀, ó sì pe ọsibítù fúnra rẹ̀.

Oògùn ìfọnú tí yóò fọ ìfun rẹ̀ mọ́ fún kámẹ́rà dé nínú páálí, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi pò: lítà kan fún ìrọ̀lẹ́, lítà kan fún àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ mu gbogbo ẹ̀ o, Dádì," ni Mubarakah wí kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Kò pẹ́ tí ó jáde ni Mùrí wọlé. Ọmọ Ìbàdàn ni Mùrí, ọ̀rẹ́ Muhyideen, láti Wigan ló sì ti wá kí i. Ó rí jọ́ọ̀gì tí Muhyideen fi po oògùn lórí tábìlì.

"Kí lèyí?"

"Oògùn ìfọnú ni. Ọsibítù ló fún mi."

"Ti òyìnbó! Mi ò rántí ìgbà tí mo fọnú gbẹ̀yìn. Bù fún mi, jàre."

"Wọ́n ní kí n mu gbogbo ẹ̀."

"Wọn ò mọ̀ pé o lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Àbí o ti di òyìnbó, tó ò lè bu nǹkan fún èèyàn mọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Muhyideen, ẹni tó bá ń dá nǹkan mu lójú àlejò kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó po lítà ti àárọ̀, ó gbé e fún un. Mùrí dà á mu, ó ní ó dà bí omi ọsàn tí wọ́n da iyọ̀ sí, ó sì lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìrìn àjò tí kì í pé wákàtí méjì gbà á ní wákàtí márùn-ún. Kò sí ibùdókọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ kí.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì Cynthia bi Muhyideen bóyá ó mu oògùn tán.

"Gbogbo ẹ̀, my daughter."

Irọ́ ni. Kámẹ́rà wọlé, ohun tó sì hàn lójú tẹlifíṣọ̀n dà bí ẹrẹ̀ odò Irk tó ṣàn nítòsí ilé wọn lẹ́yìn òjò. Dókítà dáwọ́ dúró. Ohun tí òun ń wá máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ sára ẹran ìfun; kódà nínú ìfun tó mọ́, ó máa ń ṣòro láti rí. Nínú ẹrẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mubarakah wá mú un lọ sílé. Wọn ò tíì dìde tí fóònù Muhyideen fi dún, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí loudspeaker gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Muhyideen!" Ohùn Mùrí gba gbogbo yàrá. "Oògùn ẹ yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí lánàá! Ṣùgbọ́n ikùn mi ti fẹ́lẹ́ bíi ti ọ̀dọ́. Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Mubarakah wo bàbá rẹ̀.

"Dádì. Ta ló mu oògùn yín?"

"Ó kàn tọ́ ọ wò ni."

"Tí nǹkan bá ń hù níbẹ̀, ẹ ti fún un ní six weeks free."

Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ọkùnrin tí kò ronú kan ìfun rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ń tẹ ikùn rẹ̀ wò lórí forklift, bí ẹni ń yẹ ìbẹ́pẹ wò lọ́jà. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè bá níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Lẹ́ẹ̀kejì, Mubarakah jókòó ti jọ́ọ̀gì náà. Nígbà tí Mùrí pè, òun ló gbé fóònù.

"Uncle Mùrí, ẹ kúrọ̀lẹ́ sà. Ẹ má wá."

Ìfun mọ́. Dókítà fọ́n aró búlúù sí i, ní apá òsì sì ni aró ti fi ohun kan hàn, kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ, pẹlẹbẹ, tí ojú lásán ì bá fò kọjá. Ó gé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé: ara ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n ti gé e tán. Kó padà wá lóṣù mẹ́fà sí i.

"Alhamdulillāh," ni Muhyideen wí. "Ọlọ́run ló yọ mí."

"Òun ni. Ẹ̀yin lẹ ò kọ́kọ́ gbà fún un."

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mò ń bínú. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta. Mo ti gba day off."

"Appointment tèmi, ìwọ lo gba day off?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ náà, ọjọ́ oògùn."

Muhyideen wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló wá báírò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ méjèèjì sára kàlẹ́ńdà.