Bàtà Tí A Fi Jẹ Iyán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ojú irin ṣì jẹ́ ohun tuntun ní Ẹdẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe, ṣùgbọ́n awọ ni ó fẹ́ràn. Bó bá ti oko Alájùé dé, tó wẹ̀, tó jẹun tán, á fa àpótí rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi irin ṣóńṣó lu awọ, á máa rán an. Kò tà á. Kí n má purọ́, kò sí ẹni tí ì bá rà á. Àkọ̀ tó ṣe kò gba àdá. Àpò tó rán fún ìyá mi, ẹnu rẹ̀ kò gba ọwọ́. Ìyá mi a dúpẹ́, a sì gbé e kọ́ síbi tó ga.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí pé ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń lọ sí ilé-ìwé. Lọ́dún kan, tíṣà wa kéde pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀, pé àwọn tó bá ní bàtà ni yóò dúró níwájú láti kọrin kí i. Ohùn mi ló dára jù láàárín wa. Ẹsẹ̀ mi ni kò bá a mu. Mo sunkún délé. Inú bàbá mi dùn: ó ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tí yóò bẹ òun níṣẹ́.

Ó gba awọ màlúù lọ́wọ́ alápatà láti fi rán bàtà fún mi. Ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí irun fi rọ̀, ó fá a, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó wá ká a sínú ìkòkò omi tútù lẹ́yìn ilé kí eérú tó kù lè jáde. Àràárọ̀ ni mò ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó funfun, ó wú. Mo ti ń rí ara mi níwájú Ajẹ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin agboolé Mùsùlùmí tó múlé tì wá, a máa ran ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá mi lọ sọ́jà, ó ní kó bá òun se ọbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ rí ìkòkò náà. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí awọ màlúù tí a fá, tí a rẹ sómi, tí yóò ronú kan bàtà? Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi ata àti irú sí i.

Lálẹ́, a fi jẹ iyán, bàbá mi sì yin ọbẹ̀ náà. Ó ní, “Pọ̀nmọ́ yìí ń bá eyín jà, ṣùgbọ́n ó dùn.” Ó tún tọrọ sí i. Èmi náà lá ọwọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbọ́ igbe lẹ́yìn ilé: “Ta ló gbé awọ mi?”

Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. “Bàbá, ẹ ti jẹ ẹ́ lánàá. Ẹ tún ní kí n bù sí i.”

Ìyá mi kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá mi ní, “Ó dáa. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ohun tí mo ṣe yóò bá gbogbo ilé mu.” Nígbà tí mo bú Àbẹ̀kẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi, ọwọ́ lókè. Ìyá mi ní, “Ṣé ìwọ kò jẹ ńbẹ̀ ni?”

Lọ́jọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ dé, àwọn oníbàtà ké bí ewúrẹ́ níwájú. Kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Aago rẹ̀ ló ń wò. Èmi ń kọrin lẹ́yìn, lẹ́bàá ọgbà. Bí a ti ń lọ sílé, Àbẹ̀kẹ́ bá mi lọ́nà: “Ẹ̀yìn ọgbà ni mo dúró sí. Ohùn rẹ nìkan ni mo gbọ́.”

Nígbà tí a dàgbà, mo fẹ́ ẹ. Títí ọjọ́ ogbó, bó bá ra pọ̀nmọ́ dé, á pè mí: “Bàbá ọmọ mi, ẹ wá wò ó, ṣé kì í ṣe bàtà yín?”

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fi awọ ṣeré nílé, yẹ̀yẹ́ là ń fi í ṣe. Lónìí, ọmọ-ọmọ mi kan ń rán àpò awọ, wọ́n sì ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Bàtà pọ̀ lábẹ́ ibùsùn mi tí n kò ráyè wọ̀. Lẹ́yìn tí a sin Àbẹ̀kẹ́, ọmọ náà rẹ awọ sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé. Mo ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sè é.