Àmì Pupa Lára Igi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago méje ìrọ̀lẹ́, yìnyín sì ń já bọ́ lórí West Ridge, àdúgbò tí mò ń gbé nílẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa fi àwòrán ọ̀nà kan ní Norway hàn wá. Ó gba inú igbó dé etí òkun, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn òkúta rẹ̀ fún àwọn tó ń fi ìrìn ṣe fàájì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe fine tó," ni ọmọbìnrin tó jókòó tì mí wí.

Mo fi ẹ̀gàn wo àwọn tó ń rìn nínú àwòrán náà. Wọ́n gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn, wọ́n sì nílò ọ̀dà kí wọ́n tó lè rí òkun. Àfi bíi pé òórùn ọ̀dà náà gba imú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé, èmi àti Màmá Àgbà ń gba abẹ́ ibòji igbó lọ sétí òkun, láti ra ẹja tó máa ń yan tà. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ bọ̀. A bá ọkùnrin kan tó wọ bàtà ńlá, tó ń fi ọ̀dà pupa kun àwọn igi.

Màmá Àgbà pòṣé. "Wo géńdé. Òkun tí ọmọ ọdún márùn-ún ń dá lọ, òun ń sàmì sọ́nà kó má baà sọnù."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ìrìn, Mà," ó sì bọ́ sídìí igi mìíràn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn igi tí wọ́n fẹ́ gé ló ń sàmì sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà dé, kò sí ibòji kankan lójú ọ̀nà náà mọ́, Màmá Àgbà kò sì lè rin inú oòrùn náà dé òkun. Ó ṣíwọ́ ẹja títà.