Òrí Tí Mo Fi Lẹ Etí Ẹ̀rọ Mọ́ Inú Ọkọ̀

Bí òórùn òrí bá ti kàn mí nímú, etí omi Ìkéré ni ọkàn mi máa ń sáré lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ bíi ti àwọn ẹlòmíì. Ìwọ tí o mọ Ìsẹ́yìn mọ omi ńlá tí wọ́n sé síbẹ̀, bó ṣe fẹ̀ lọ láàárín ọ̀dàn, tí kùkùté àwọn igi tó kú sínú rẹ̀ máa ń yọrí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fóònù ni mo ń tún ṣe láàárín ìlú nígbà náà, ṣùgbọ́n bó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, mo ti gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, níbi tí mo gbé káyáàkì mi sí, ọkọ̀ tóóró oníke kan tí ẹnìkan tó ń kó kúrò nílùú tà fún mi. Mo tún ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ẹja inú omi hàn lójú gíláàsì. Ó ní ohun dúdú kan tó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ, tó ń ju ìró sí ìsàlẹ̀ omi, tó sì ń gbọ́ ọ nígbà tó bá padà. Etí ẹ̀rọ ni mo ń pè é.

Ìta ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ so etí yìí mọ́, tí wáyà rẹ̀ ń fì. Bàbá tó jẹ́ alága àwọn apẹja rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó yọ ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja, ó gé wáyà náà lójú gbogbo èèyàn, ó sì ju etí náà sí ẹsẹ̀ mi.

"Olè lẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wo ilé onílé," ó ní. "Níbí, ọgbọ́n la fi ń wá ẹja."

Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Alága," nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n bí àyà mi ṣe kan iyanrìn, mo búra: ọkùnrin yìí á fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí níbi tí ẹja wà, màá sì rán an lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Mo jó wáyà náà pọ̀ padà, mo sì pinnu pé inú ọkọ̀ ni etí náà á wà, níbi tí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni ò ti ní dé e. Ìró rẹ̀ lè gba inú ike kọjá, bí kò bá ti sí afẹ́fẹ́ láàárín wọn. Ìbínú ni mo fi lẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́: mo da gọ́ọ̀mù sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ sì há sínú rẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Gíláàsì ò fi nǹkan kan hàn. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ha á kúrò. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bu òrí nínú igbá tí ìyàwó mi ń bù fún ọmọ.

"Bàbá Ràfíù, àbí ọ̀fìnkìn ń ṣe ọkọ̀ yín ni?" ló bi mí.

Mo fi òrí náà lẹ etí mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Òrí náà ṣiṣẹ́ títí di ìyálẹ̀ta, oòrùn Òkè-Ògùn wá yọ́ ọ, etí sì yọ̀ lọ síbi tó wù ú. Mo bá gé òrùka kan lára ike, mo fi ṣe ọgbà yí etí náà ká, mo wá yọ́ òrí kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mò ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lé afẹ́fẹ́ jáde. Bí oòrùn bá fẹ́ kó tún yọ́ ọ, òrí ò ríbi sá lọ mọ́. Mi ò fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ rere kankan rí.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi ń wúwo bọ̀. Iwájú bàbá náà gan-an ni mo ti ń kó ẹja sílẹ̀, màá sì kí i dáadáa. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, omi fà, ẹja sì ṣí kúrò níbi tí bàbá náà ti mọ̀ wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá jókòó sórí kùkùté lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, níbo ni wọ́n wà?"

Mo nawọ́ sí abẹ́ àpáta lápá ìwọ̀-oòrùn, ibi tí gíláàsì mi ti fi hàn pé ó ṣófo. "Ibẹ̀ yẹn ni, Bàbá Alága."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi na àwọ̀n síbẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa kí n lè jókòó wò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wá bá mi, ó sì na ẹja epìyà kan sí mi, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Òun nìkan ni mo rí," ó ní. "Gbé e fún ọmọ ẹ. Ìwọ fi ibẹ̀ hàn mí, omi ló kọ̀."

Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí a bá pàdé lọ́jà, ó máa ń sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èmi ni ọmọ tó fi ibi ẹja han òun nígbà tí omi gbẹ. Wáyà tó gé, kò rántí ẹ̀ rárá. Inú ṣì ń bí mi sí i nítorí wáyà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu sọ ọ́ mọ́, torí bí mo bá dárúkọ tirẹ̀, mo ní láti dárúkọ tèmi. Mo gbẹ̀san, ẹni tí mo gbà á lára rẹ̀ ò sì mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Èmi náà ṣu, mi ò rí i gbàgbé.