Kọ̀ǹkọ̀ Tó Bá Igi Máńgòrò Wọ Ilé Mi

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọmọbìnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Minna gbé igi máńgòrò kékeré kan wá sí Ifẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti wú u, tìdítìdí. Ó ní kí n gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá òun, torí ìyá òun fẹ́ràn máńgòrò. Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì gbin igi náà. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Ọyẹ́ dé, ewé rẹ̀ rọ, ó sì gbẹ. Bí ọmọ bá pè mí lórí fóònù tó béèrè igi, mà á ní ó ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà, níbi tí omi òrùlé máa ń kán sí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tó di ọjọ́ kejì mo ní kí n lọ da iyẹ̀pẹ̀ náà nù kí n tó tún purọ́ sí i. Mo bá kọ̀ǹkọ̀ kan lórí iyẹ̀pẹ̀, ó jókòó bí onílé. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bí èèpo àlùbọ́sà sì ń bọ́ lára rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fà á sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́.

N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó jẹ́. Ní yunifásítì ìlú yìí ni mo ti kàwé nípa ẹranko láyé àtijọ́, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ní kọ̀ǹkọ̀ odò ni, irú èyí tí wọ́n ń mú nínú àkùrọ̀ nísàlẹ̀ Ìlódè, tí wọ́n ń yan jẹ, pé omi òrùlé ló wá mu. Mo tún ní abo ni. Olùkọ́ wa kan kì í ṣe ìdánwò kó má béèrè pé nínú ìran ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, èwo ló tóbi jù, akọ ni tàbí abo? Abo ni, torí ẹyin tó ń gbé sínú. Mo kọ ọ́, mo yege, mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èyí tóbi. Kì í sì í ké, bẹ́ẹ̀ akọ ló ń ké. Ẹ̀rí méjì tó fún mi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Ìyá Wa nìyẹn. Mo ń wa ekòló fún un lẹ́yìn balùwẹ̀, mo ń pa aáyán fún un. Láàárọ̀, kí n tó bu omi sójú, mà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mà á ní, "Ìyá Wa, ẹ káàárọ̀ o." Mà á sọ fún un bí orúnkún mi ṣe sùn, ẹni tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé iná ò tíì dé. Ó máa ń wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ò tíì parí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ló ń gbé ilé kejì sí mi ní Òkè-Ògbó. Ó gbọ́ ìkíni mi lórí ògiri.

"Bàbá Tíṣà, ẹran ọbẹ̀ lẹ mà ń kí káàárọ̀ yẹn."

Mo ní àlejò mi ni.

"Àlejò tó ń jẹ aáyán? Ẹ gbé e wá, kí n bá yín fi ata sí i lára, kó lè mọ̀ pé wọ́n ṣe òun lálejò."

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ gan-an, àwọn kọ̀ǹkọ̀ inú àkùrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké, ariwo wọn ń gun òkè wá bá wa. Ìyá Wa kò jẹun mọ́. Ó fi orí ti ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí dá mi lẹ́bi. Mo ní abo yìí ń gbọ́ ohùn àwọn ọkọ, èmi ni mo sì há a mọ́lé, torí kí n lè rí ẹni tí mà á kí láàárọ̀. Mo pinnu pé mà á gbé e lọ sí odò Ìlódè kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Kí omi má bàa ṣàjèjì sí i, mo kọ́kọ́ fi í sínú agbada omi ńlá kan. Ó jà gùdù, ó fò jáde, ó wọ́ padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá fi ìdí gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó ń wọlẹ̀ lọ sẹ́yìn sẹ́yìn títí ó fi ku ojú méjì. N kò rí kọ̀ǹkọ̀ odò tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí. Bí n kò bá mọ ohun tó jẹ́, mo lè lọ fi ọwọ́ ara mi pa á. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo wọ takisí, mo forí lé yunifásítì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gun àtẹ̀gùn yẹn. Òórùn fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹranko jẹrà, ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwọn tábìlì onígi wa lọ. Tábìlì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tèmi nígbà náà. Obìnrin tí mo padà fi ṣaya jókòó sí ẹ̀yìn mi. Kì í fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ rárá, èmi ni mo máa ń bá a dì í mú, tí òun yóò sì máa kọ iṣẹ́ tirẹ̀ àti tèmi sílẹ̀. Mo dúró síbi tí tábìlì yẹn wà. Àwọn ọmọ tó ń kọjá ń kí mi, wọ́n rò pé mo ṣìnà.

Olùkọ́ tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ mi lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé kọ̀ǹkọ̀ náà dojú sókè. Ó fi kókó líle kan hàn mí ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó rí bí ẹnu ọkọ́. Òun ló fi ń gbẹ́lẹ̀. Awọ tó so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kéré, kò tó fi wẹ odò. Ó ní kí n wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó ní àwọ̀ bí ìyeyè tó pọ́n. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu rẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ bù ú jẹ lórí ìbọ̀wọ́, mo sì rí ohun méjì tó yọ ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bí eyín ajá.

Ó ní, "Sà, eléyìí kì í ṣe ti odò wa. Ará Òkè Ọya ni. Ṣé ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ kankan wá láti ọ̀hún?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí igi ọmọ mi. Ó ṣàlàyé pé irú rẹ̀ máa ń sin ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, yóò fi awọ fẹ́lẹ́ wé ara rẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Èèpo àlùbọ́sà tí mo rí nìyẹn. Gbogbo oṣù tí mo fi ń purọ́ fún ọmọ mi, abẹ́ igi náà ló wà.

Mo béèrè bóyá abo ni. Ó ní rárá, akọ ni. Mo ní ṣebí abo ló máa ń tóbi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n nínú irú èyí, akọ ló ń tóbi jù.

Mo ní, "Kí ló dé tí kì í ké?"

"Ta ni kó ké sí, Sà? Bó bá gbọ́ ohùn irú rẹ̀ ló máa ń ké. Ohùn àwọn ti àkùrọ̀ yín ò jọ ti irú rẹ̀ rárá."

Ó ní bí wọ́n bá ké, bí ọmọ ajá tó ń gbó ni, àti pé ojúmọmọ gan-an ni wọ́n máa ń ké lẹ́yìn òjò ńlá. Ó bẹ̀ mí kí n má dà á sódò Ìlódè. Òun kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi kú. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n fi sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa wò, àwọn kò ní là á. Mo wo àwọn ìgò fọ́málìn tó wà lórí pẹpẹ. Mo dúpẹ́, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.

Ìyá ilé kejì fọwọ́ ti ògiri kó má bàa ṣubú nígbà tí mo sọ fún un.

"Akọ lẹ wá ń pè ní Ìyá Wa láti ọjọ́ yìí! Ó mà ní sùúrù o, tí kò dá yín lóhùn."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè kí i. Ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá a sọ, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bá ìyàwó mi sọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bu ekòló sílẹ̀ fún un tí mo sì yíjú kúrò. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní, "Ọkùnrin, ṣé o jí?" Bó ṣe ń wò mí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wò mí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi pè, ó béèrè igi. Mo ní igi ti gbẹ. Mo ní n kò gbìn ín rárá, n kò lè lọ síbi sàréè ìyá rẹ̀ ni, nítorí pé bí mo bá gbìn ín, ó ti parí nìyẹn. Mo bá sọ fún un pé nǹkan kan bá igi náà wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, mo sì sọ bó ṣe jẹ́ àti bí yóò ṣe máa ké bó bá wà láàárín àwọn tirẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá mi. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé bí òjò bá dá. Mo rò pé ajá àwọn ará ilé kan ló bímọ."

Láti ìgbà ìsìnkú ló ti ń bẹ̀ mí kí n wá sọ́dọ̀ òun, èmi ni mo ń wá àwáwí. Mo ní mo fẹ́ kí kọ̀ǹkọ̀ náà padà sílé. Ó ní ta ni yóò gbé e wá. Mo ní èmi.

"Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò?"

Mo ní, "Títí mà á fi gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ ni mà á wọkọ̀. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án òní, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwa méjèèjì ń gbọ́ àwọn ti inú àkùrọ̀. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí òjò dá, mo fa igi gbígbẹ yẹn yọ, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀ padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó lè rí ibi wọlẹ̀ sí lójú ọ̀nà.