Igò Mẹ́rin fún Imú Ìyá Mi

Irú, tí àwọn Jula ń pè ní sumbara, ni ìyá mi ń tà nílùú Bouaké ní Côte d'Ivoire. Imú ni ìyá mi fi ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará Languibonou tó wà nítòsí, torí ojú kì í tètè mọ irú tó fẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀fìnkìn wá gba òórùn lọ́wọ́ ìyá mi pátápátá, àyà mi já. Irú kan tí kò dáa péré, àwọn oníbàárà ti lọ nìyẹn.

Dókítà ní kì í ṣe imú nìkan ló ń gbóòórùn. Imú ń jíṣẹ́ fún ibì kan nínú ọpọlọ, ibòmíràn ń dá nǹkan náà mọ̀, ibòmíràn sì ń rántí ibi tí a ti pàdé rẹ̀. Àfi kí gbogbo wọn jọ ṣe é. Ó ní kí ìyá mi máa fa òórùn nǹkan mẹ́rin símú láràárọ̀, kí wọ́n sì máa rántí nǹkan kan nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo wá igò mẹ́rin: kànáfùrù, atalẹ̀, èèpo ọsàn, irú. Ìyá mi á dijú, wọ́n á fà á símú, ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Ti kànáfùrù ni eyín tó dùn wọ́n nígbà oyún mi, tí wọ́n fi kànáfùrù sí. Oṣù kan gbáko, wọn ò ṣi igò kankan mọ̀ rí. Mo ti ń fi wọ́n yangàn káàkiri àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣèèṣì fi igò irú ṣáájú. Ìyá mi fà á símú, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń ròyìn eyín. Bí igò ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n kọ́ sórí! Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Ta lo rí tó ń tajà, tó ń sọ pé òun ò mọ ọjà òun?” Ojú wọn pọ́n. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, àánú wọn ṣe mí.

Láti ọjọ́ náà, mo ń da igò rú láràárọ̀, mo sì ń bá wọn lọ gbóòórùn lọ́jà. Bí irú bá dáa, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè mọ̀. Bí kò bá dáa, ẹ̀ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obìnrin kan gbé irú wá tà fún wa láti ìlú Diabo. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi gbé e símú fúnra wọn.

“Èéfín ti wọ inú eléyìí. Mo sá irú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nígbà tí mo kéré, ìyá mi gbá mi létí. Bó ṣe rùn nìyí.”

N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Mo gba irú náà, mo fà á símú dáadáa. Èéfín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn gan-an. Ìyá mi dá ọjà obìnrin náà padà, wọ́n wá ní kí n máa lọ sílé, ikọ́ mi ń lé oníbàárà.