Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Lọ́wọ́ Ìyàwó Bàbá Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni mo lò nínú gbọ̀ngàn. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wa. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé orí mi pé ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé mi. Mo dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, mo ń wá bí mo ṣe máa bọ́ sí ìkarùn-ún, mo wá tẹ bọ́tìnnì kan tí mo rò pé ó máa gbé mi síwájú. Kọ̀ǹpútà bi mí ní ọ̀rọ̀ kan lédè òyìnbó. Wọ́n kọ́ mi nílé pé kí n máa fi ọ̀wọ̀ dá ẹni tó bá bi mí léèrè lóhùn, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì ṣófo. Ìdánwò mi ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, mo sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì ló da gbogbo ẹ̀ rú. Lórílẹ̀-èdè wa yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò lè kó lé nẹ́tíwọ̀kì lórí. Gbogbo agbo ilé bá mi bú u, wọ́n sì fún mi ní ẹran láti fi tù mí nínú.

Bàbá mi ń ta ẹní ìrun, bùtà àti tẹ̀sùbáà ní Ọjà'ba. Òun ló yan iṣẹ́ dókítà fún mi. Kì í ṣe pé ó rí ọwọ́ mi nínú kẹ́mísírì. Ẹni tó bá rí ọwọ́ mi nínú kẹ́mísírì á bẹ̀ mí kí n má lọ pààyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe é, ìjókòó ilé ìwòsàn sì ti sú u, ó wá rò ó pé tí ọmọ òun bá di dókítà, wọ́n á máa yẹ òun wò lórí ẹní òun. Àwọn ẹbí pé jọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n fojú sí ẹ̀kọ́ nípa eegun dáadáa, nítorí orúnkún òun. Èmi nìkan ni wọn ò bi léèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ní ń bi ọkọ̀ léèrè ibi tó fẹ́ lọ?

Kí n lè tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ kan ní Bẹẹrẹ, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí páànù orí rẹ̀ ti pupa bí ilẹ̀. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní kí a máa pe òun ní Dárẹ́kítọ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó níta pé ogún kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. Kò purọ́, mo kà wọ́n, wọ́n pé ogún. Ohun tí pátákó náà ò sọ ni pé méjìdínlógún nínú wọn ò ní nǹkan kan nínú. Dárẹ́kítọ̀ fi léèsì funfun bò wọ́n, ó ní kí eruku má bàa bà wọ́n jẹ́. Méjì tó kù máa ń ṣiṣẹ́ tí iná bá wà, iná náà sì mọ ọjọ́ tí a kì í wá.

Nítorí náà, orí páálí la ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Dárẹ́kítọ̀ gé páálí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó fi bírò ya bọ́tìnnì sí i, a wá jókòó lẹ́sẹẹsẹ, a ń fìka tẹ páálí. Á máa rìn láàárín wa, á ní kí ọmọbìnrin tó jókòó tì mí má tẹ̀ ẹ́ lágbára, kó má bàa bàjẹ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ á láǹfààní láti di máòsì mú. Máòsì náà wà lóòótọ́, ìrù rẹ̀ sì gùn, àmọ́ ìrù náà ò so mọ́ ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi dì í mú. Dárẹ́kítọ̀ ní ọwọ́ mi rọ̀ dáadáa, ó ní òun rí ọjọ́ ọ̀la nínú ẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, kọ̀ǹpútà kan wà nílé wa tó ń ṣiṣẹ́, ògiri kan péré ló wà láàárín èmi àti ẹ̀. Ti ìyàwó kékeré bàbá mi ni. Kó tó fẹ́ bàbá mi, ó ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Màpó níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, láptọ́ọ̀pù wà nínú ẹrù rẹ̀, àwọn àgbà obìnrin agbo ilé sì ní ìyàwó gbé tẹlifíṣọ̀n tó ń pa dé bí ìwé dání. Kò fi ju ọdún méje lọ dàgbà jù mí. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì.

Èmi kì í bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni ìyáálé, mo sì gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan bá ìyàwó tuntun jà. Ìyá mi, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Oríta-mẹ́rin, kò jà, kò pariwo, kò sì sunkún lójú mi. Mo ní ìbànújẹ́ ló ti pọ̀ jù fún un. Mo bá gba ìjà náà jà. Tí ìyàwó bá kí mi, màá dá a lóhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Tó bá gbé omi kaná, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá ní ìkòkò tèmi ló kàn. Òun sì ń pè mí ní Akọ̀wé, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé, èmi tí mo ń tẹ páálí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsárì ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún ìyàwó. Ó ní kí n dúró kó jẹ ẹ́ tán, kí n lè gba abọ́ òun padà. Mo gbé e lọ bí akọ̀wé kóòtù tó gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ dání. Bó ṣe ń jẹun, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, láptọ́ọ̀pù sì wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè bàọ́lọ́jì ló wà lójú rẹ̀, aago kan ń kà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí i nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó wò mí títí, ó wá ní, "Akọ̀wé, bọ́tìnnì wo lo tẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni.

"Mo mọ̀. Bọ́tìnnì wo lo tẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì fi lọ?"

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí mo ti ń gbé irọ́ yẹn kiri, kò sì sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé S ni. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, mo ti to èébú sílẹ̀ dè é lẹ́nu, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n jókòó.

Ó ṣàlàyé fún mi pé lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ìdánwò náà gbà. A, B, C àti D ni ìdáhùn. N ń gbé èèyàn lọ síwájú, P ń dá a padà sẹ́yìn, S ni ká fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, R sì wà fún ẹni tó ṣi S tẹ̀ tó fẹ́ yí ọkàn padà. Ẹni tó bá mọ mẹ́jọ yìí ò nílò máòsì rárá. Mo rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi, mo fẹ́ sunkún.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kì í ṣàì rí nǹkan tí mo máa gbé lọ fún ìyàwó lẹ́yìn àsárì. Tí kò bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín, á jẹ́ ọsàn, tàbí síìpù kan tó ní kó bá òun yẹ̀ wò bóyá ó dára. Èmi tí mo gbọ́n jù ò fura. Ńṣe ni mo rò pé mò ń da ìyá mi. Tí mo bá ń jáde ní yàrá ìyàwó, màá dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá tún ojú mi ṣe, kí ìyá mi má bàa rí i pé mo ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìyàwó ò ní sùúrù bíi Dárẹ́kítọ̀. Tí mo bá kùnà, á ní kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ á wà lórí itan, á máa fa ìbòrí mi. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá kùnà ló máa ń kọ sínú ìwé kékeré kan. Mo rò pé nítorí mi ló ṣe ń kọ wọ́n, ó sì wú mi lórí pé ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ mi ṣe nǹkan bàbàrà tó bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ńtà ìdánwò ti ọdún kejì wà lọ́nà ibì kan lẹ́yìn Òkè Bọ́lá. Mo débẹ̀ láago méje àárọ̀. Wọ́n ní kí a tò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ka kó tó wọlé. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Mo tún un tẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wò mí bí ẹni pé mo jí ìka ọlọ́ka gbé wá, ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Akọ̀wé, fi àtàǹpàkò yẹn ra iwájú orí rẹ. Ó ti gbẹ jù."

Mo yíjú padà. Ìyàwó bàbá mi ló dúró nínú ìlà, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ilẹ̀, ó mú ìwé ìdánwò tirẹ̀ dání. Mo bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní ohun tó gbé mi wá ló gbé òun náà wá. Mo bi í bóyá bàbá mi mọ̀.

Ó ní, "Ìyá rẹ mọ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo fi àtàǹpàkò ra iwájú orí, ẹ̀rọ sì dá mi mọ̀. Èmi ni mi ò dá ara mi mọ̀ mọ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n tó ka ìbéèrè kan tó yé mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èèyàn ò lè máa fi wákàtí méjì ìdánwò yanjú ọ̀rọ̀ ilé. Mo ṣiṣẹ́ débi tó parí, mo sì jìnnà sí S títí aago fi kù díẹ̀.

Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ padà, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi la sì gbà lọ tààrà. Ìyá mi ń wọn síìpù fún oníbàárà, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi àwa méjèèjì bóyá ìbéèrè le. Mo dúró kí oníbàárà lọ, mo wá sọ fún un pé ó dùn mí. Pé láti ọdún méjì ni mo ti ń bá ìyàwó yìí jà nítorí rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ lò ń bá a jà. Èmi ò rán ọ níṣẹ́."

Ó wá jókòó, ó sọ bó ṣe jẹ́. Nínú oṣù àkọ́kọ́ tí ìyàwó délé, òun bá a tó ń sunkún lórí àwọn ìwé kan. Ìyàwó ti yege nínú ìdánwò yìí rí, àmọ́ ọdún náà ni bàbá rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó rán an lọ. Ìyá mi ní bàbá mi ti ń dàgbà, ẹni tó bá máa ran òun lọ́wọ́ láti gbé ẹrù ilé yìí, òun fẹ́ kó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ó fi kún un pé láti ìgbà tí ìyàwó ti dé, òun ò rí ṣíbí ọbẹ̀ níbi tí òun ń fi í sí mọ́. Tó bá ń lọ sílé ìwé, ó kéré tán, ṣíbí á ráyè sinmi. Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Èmi ni ọ̀gágun tó ń jagun lójú ogun tí wọ́n ti parí láìsọ fún un.

Nígbà tí èsì jáde, bàbá mi pe gbogbo èèyàn sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ka máàkì mi. Ó dára, ó sì fi ọ̀nà jíjìn ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, àmọ́ kò tó ti dókítà. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ìyá mi ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ kí ìyàwó náà ka tirẹ̀."

Bàbá mi béèrè pé tirẹ̀ wo. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó kà á. Máàkì rẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórúnkún, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé obìnrin tó ti wà nílé ọkọ kì í tún lọ jókòó ní kíláàsì. Ìyá mi rọra bi í pé ta ló ti ń bá a tẹ gbogbo lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún tó kọjá. Olórúnkún rántí pé òun ní ibì kan tí òun ń lọ. Bàbá mi mú tẹ̀sùbáà, ó fà á yípo lẹ́ẹ̀kan gbáko.

Ó wá ní, "Ṣé tirẹ̀ tó ti dókítà?"

Ìyàwó ní, "Ó tó, Àlájì. Àmọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo yàn."

"Kọ̀ǹpútà ló máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà ní Ọjà'ba pé òun lòun kọ́kọ́ ní i lọ́kàn kí ìyàwó òun kàwé.

Èmi lọ sunkún nílé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́. Èmi àti ẹni tó kọ́ mi la jọ ṣe é, àṣìṣe mi ló sì kọ sínú ìwé tó fi kàwé. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó wá bá mi, ó gbé ìwé kékeré náà fún mi, ó ní tèmi ni, kí n fi múra ti ọdún tó ń bọ̀, kí n sì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ dókítà. Lọ́dún yẹn, òun lọ sílé ìwé, èmi ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, mo sì ń ta síìpù pẹ̀lú ìyá mi. Dárẹ́kítọ̀ gbọ́, ó sì lẹ àwòrán ìyàwó bàbá mi mọ́ pátákó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó yege jù lọ. Ìyàwó ò gun àtẹ̀gùn ilé náà rí láyé ẹ̀.

Èmi náà wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé ni mo mú, àwọn ẹbí sì ti gbà báyìí pé iṣẹ́ ìwé náà lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́nà tirẹ̀. Ìyàwó, tó ti wà ní yunifásítì kan náà, ló mú mi rìn yí ọgbà ká lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi ibi tí oúnjẹ ti dára hàn mí. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bi í pé ta ni mí, á ní àbúrò òun ni. Mi ò ta kò ó rí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an kò ní bá wọn bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.