Ẹyin Tí Làtífátù Ń Tà

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn mọ́sáláṣí wa ní Mamobi kọjá lówùúrọ̀, ẹ ó rí Làtífátù pẹ̀lú àwo ẹyin sísè lórí. Yóò la ẹyin sí méjì, yóò ki ata gígún sáàárín rẹ̀, yóò nà án sí ẹni tó rà á. Kòsúà ni wọ́n ń pe ẹyin náà níbí. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìyẹn. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́ fún Láwàlì, ìyá ọkọ rẹ̀ pè é.

"Látí, o ò gbọdọ̀ jẹ ẹyin o. Aboyún tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò bí. A kì í bí olè nílé wa."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Ọkọ ń jẹ ẹran, ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ àti ata lásán ni ti aboyún. Ó ń ta ẹyin lójoojúmọ́, kò tọ́ ọ wò. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó máa jẹ ẹyin. Ìyá ọkọ ní nọ́ọ̀sì kọ́ ni yóò bá wọn tọ́ ọmọ. Oṣù ọmọ náà kò pé tó fi wáyé, ó rí tín-ín-rín, kò sì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.

Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Làtífátù náà gbà bẹ́ẹ̀, títí Fàrídà, ọmọbìnrin ìyá ọkọ rẹ̀, fi gbé oyún tirẹ̀ wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Madina tó wà nítòsí wa níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Làtífátù wà nílé ìdáná nígbà tí ìyá náà wọlé, tó mú ẹyin nínú ìkòkò Làtífátù, tó ń bó o fún Fàrídà.

"Ìyá, ẹyin kẹ̀?"

"Haba! Dókítà ló ní kó máa jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó."

Làtífátù dúró kí wọ́n jáde, ó wá yíjú sí mi. "Ẹ jẹ́ kí n tún fẹ́ra kù. Wọn á rí mi."

Ó sì fẹ́ra kù. Láràárọ̀, yóò gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn ìyá ọkọ rẹ̀, yóò jókòó, yóò máa bó ẹyin jẹ. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló ń da èèpo rẹ̀ sí, kì í gbá a. Ìyá náà pariwo títí, ó ké sí ọmọ rẹ̀. Láwàlì kàn ń wolẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé bó bá lanu, òun yóò ní kó mú òun lọ síbi tí wọ́n sin àkọ́bí òun sí.

Ọmọ tó bí ki pọ́pọ́, igbe rẹ̀ ń dé títì. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bí àlùfáà ti ṣàdúà tán, ìyá ọkọ na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé ọkọ mi fún mi."

Làtífátù fa ọmọ mọ́ra.

"Ẹ má gbé e, Ìyá. Olè ni. Ẹyin ni mo jẹ tí mo fi bí i. Ẹ lọ gbé èyí tí kì í ṣe olè, ẹ ṣáà mọ ibi tí wọ́n sin ín sí."

Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà nínà. Mo mọ̀ pé èmi àgbà ilé ló yẹ kí n pẹ̀tù sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo mú ẹyin kan nínú àwo Làtífátù tó wà níwájú mi, mo bó o, mo jẹ ẹ́.